Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Ẹ̀rọ

Kí ọ̀gá mi tó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó jọ. Wọ́n mú fláàṣì méjì jáde nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n yọ káàdì inú kámẹ́rà. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé hard disk tí wọ́n ń tọ́jú orin sí wá láti orí pẹpẹ, wọ́n fa okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá láti yàrá kejì, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n so òun náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Níkẹyìn, wọ́n gbé àpótí pupa kékeré tí ohùn máikì ń gbà wọlé, wọ́n ki okùn tirẹ̀ bọ inú ihò tó kù. ThinkPad X220 ni kọ̀ǹpútà náà, ihò USB mẹ́ta péré ló ní, nítorí náà wọ́n fi hub kan kún un kí àyè lè gba gbogbo wọn. Wọ́n tan Wi-Fi, wọ́n tan Bluetooth, wọ́n ṣí kámẹ́rà orí rẹ̀ títí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi tàn, wọ́n sì ní kí ó máa kọ orin kan lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó.

"Kí ló kù tí à ń lò tí mi ò tíì so mọ́ ọn?" Èmi ni wọ́n bi.

Mo wo yíká yàrá. "Modẹ́ẹ̀mù yẹn ńkọ́, sà? Èyí tí ẹ máa ń mú dání bí ẹ bá ń lọ sí Ìsẹ́yìn."

"O ṣeun. Òun gan-an ni ì bá dójú tì mí."

Ìgbà tí modẹ́ẹ̀mù wọlé tán ni wọ́n tó tẹ lsmod. Kò sí ohun ńlá kan tí àṣẹ yìí ń ṣe. Yóò kàn ka orúkọ àwọn module, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré tí kernel, ọkàn ètò kọ̀ǹpútà, ti pè síbi iṣẹ́ ní wákàtí yẹn. Orúkọ wọn tò wálẹ̀ lójú ẹ̀rọ: èyí tó ń bá àpótí ohùn sọ̀rọ̀, èyí tó mọ èdè kámẹ́rà, èyí tó ń gbọ́ ti modẹ́ẹ̀mù. Ọ̀gá mi fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tí kò bá dáhùn lónìí kò ní sí nínú kernel tí a fẹ́ ṣe.

Debian 12 ni ètò ìṣiṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀rọ náà, kernel 6.1 tí ẹgbẹ́ Debian ṣe ló sì ń gbé e rìn. Ẹgbẹ́ náà kò lè mọ irú kọ̀ǹpútà tí kernel wọn máa bá ara rẹ̀ nínú, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún module ni wọ́n dì fún un. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ ìnáwó kò lè bi àlejò kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń jẹ ata. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń se fún ẹnì kan ṣoṣo lè bi í, ó sì yẹ kí ó bi í. Ohun tí ọ̀gá mi ń ṣe pẹ̀lú gbogbo okùn wọ̀nyẹn nìyẹn: wọ́n ń bi ẹ̀rọ kan ṣoṣo léèrè ohun tó ń jẹ. Àṣẹ tó tẹ̀ lé lsmod, make localmodconfig, ni yóò wá fi orúkọ tó jáde yẹn gé àkójọ Debian kù. Steven Rostedt ló ṣe é, ó sì wọ inú kernel ní ẹ̀dà 2.6.32 lọ́dún 2009. Kí ó tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń pa àwọn tí kò wúlò rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, fún odindi ọjọ́.

Mo mọ ìdí tí ẹrù kíkó yẹn fi ṣe pàtàkì, nítorí pé èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Kernel àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, mo sáré tẹ localmodconfig láì so nǹkan kan mọ́ ẹ̀rọ. Kernel náà jí, ó yá nílẹ̀, inú mi dùn kọjá ààlà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan gbé fláàṣì wá pé kí n bá òun tẹ ìwé, fláàṣì náà kò ṣí. Mo wo dmesg, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kernel ń ṣe nípa ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, mo bá gbólóhùn kúkúrú kan pàdé: codepage cp437 not found. Tábìlì lẹ́tà kékeré kan ni cp437, òun ni kernel fi ń ka orúkọ fáìlì lórí irú fláàṣì bẹ́ẹ̀. N kò ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ ní àárọ̀ tí mo tẹ àṣẹ náà, nítorí náà cp437 kò sí lára àwọn tó dáhùn, wọ́n sì gé e dànù. Mo tún kernel náà ṣe látòkèdélẹ̀ nítorí ohun tó kéré ju ọmọ èèrà lọ.

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe èkùrọ́ náà ni wọ́n fi ń pe kernel, ó sì bá a mu: ohun tó wà nínú inú lọ́hùn-ún, tí ohun gbogbo yí ká. Òun ló ń bá díìsìkì, kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ àti íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ètò yòókù. Nígbà tí Linus Torvalds gbé ẹ̀dà 0.01 jáde ní Helsinki lọ́dún 1991, bíi ìlà 10,000 ni kóòdù rẹ̀. Lónìí ó ti ju mílíọ̀nù 30 lọ. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ náà sì mọ bí a ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀: 386, irú ẹ̀rọ tí Torvalds jókòó sí nídìí láti kọ ọ́, kò sí nínú rẹ̀ mọ́ láti ẹ̀dà 3.8 lọ́dún 2013.

Kí ló dé tí ọ̀gá mi fẹ́ kúrò lórí 6.1 tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan? Ìlù ni. Wọ́n ń gba ohùn dùndún sílẹ̀ fún àwọn onílù tí kò lówó ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá, kọ̀ǹpútà yìí sì ni wọ́n ń lò. Ohùn kì í wọ inú kọ̀ǹpútà bí omi tó ń ṣàn. Ìdì-ìdì ló ń wọlé. Bí ìdì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ègé ohùn 64, tí ègé 48,000 sì ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi mílísẹ́kọ́ńdù 1.3 péré ni ẹ̀rọ ní láti fi tọ́jú ìdì kan kí òmíràn tó dé. Tí Wi-Fi bá kan ilẹ̀kùn lásìkò yẹn, tí kernel sì lọ dá a lóhùn kí ó tó padà wá, ìdì kan ti bọ́. Etí á gbọ́ ọ bí ìgbà tí igi gbígbẹ dá. Nínú orin mìíràn, èèyàn lè fojú fò ó. Nínú dùndún, ọ̀rọ̀ ni ìlù ń sọ: bí onílù bá ń fún ọsán kí ohùn lè gòkè, tí ohùn bá já láàárín, ọkọ́ lè di ọkọ̀. Ọ̀gá mi ti ju odindi gbígbà sílẹ̀ kan nù rí nítorí irú rẹ̀, wọn kò sì lè pe onílù náà padà wá.

Wọ́n ti gbọ́ pé oògùn rẹ̀ ti wọ inú kernel. PREEMPT_RT lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí kernel rí ibi sá pamọ́ sí nígbà tí iṣẹ́ kánjúkánjú bá dé. Bíi ogún ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lé e lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kernel gan-an, tí wọ́n ń gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀. Thomas Gleixner ará Jámánì ló sì wà nídìí rẹ̀ jù, Steven Rostedt tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà sì wà nínú àwọn tó gbé e. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn ṣe tán ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn olùtọ́jú kernel wà ní ìpàdé ní Vienna. Lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà fi ń bẹ Torvalds pé kó gba iṣẹ́ wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, Gleixner tẹ ẹ̀bẹ̀ náà sórí ìwé, wọ́n fi ìwé aláwọ̀ góòlù wé e, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ó sì fà á lé e lọ́wọ́ bí ẹrù ìyàwó. Torvalds gbà á wọlé, ó sì jáde nínú ẹ̀dà 6.12 ní oṣù kọkànlá. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó lọ́jọ́ Sátidé yìí.

Fáìlì kóòdù náà, bíi mẹ́gábáìtì 140 ni bí wọ́n ṣe fún un pọ̀, ti wà nílẹ̀ láti alẹ́. Ọ̀gá mi kò kó àwọn fáìlì inú rẹ̀ jáde títí wọ́n fi yẹ òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí rẹ̀ wò. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọsẹ̀ lára rẹ̀: kì í ṣe fáìlì tí a fún pọ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí bí kò ṣe èyí tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ tú ìfúnpọ̀ rẹ̀ kí a tó wádìí. Wọ́n wò ó, ó pé, wọ́n tẹ̀ síwájú.

Wọ́n tẹ make localmodconfig, ìbéèrè wá dé.

Láti 6.1 sí 6.12, ẹ̀dà mọ́kànlá ló ti jáde, iṣẹ́ nǹkan bí ọdún méjì. Gbogbo ohun tuntun tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ti fi kún kernel láàárín àkókò náà ló ń bọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ NEW níwájú rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà. Y ni pé kí a mọ ọ́n mọ́ ara kernel gan-an. M ni pé kí ó dúró lórí díìsìkì gẹ́gẹ́ bí module, kí kernel pè é nígbà tó bá nílò rẹ̀. N ni pé kí ó máa lọ. Lẹ́tà ńlá tó wà nínú àkámọ́ ni ìdáhùn tí kernel fúnra rẹ̀ yóò mú bí èèyàn kò bá sọ nǹkan kan tó kàn tẹ Enter. Mo ti rí ẹni tó fi ìka lé Enter tí kò gbé e kúrò títí ìbéèrè fi tán. Kernel náà á ṣì ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló ṣe é.

Ìka ọ̀gá mi kì í kúrò lórí àmì ìbéèrè. Wọ́n á tẹ ?, àlàyé á jáde, wọ́n á kà á láti òkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlàyé wọ̀nyí ló ní gbólóhùn kan náà ní ìparí: bí kò bá dá ọ lójú, sọ pé N. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Ohùn àgbà ló wà nínú rẹ̀, àgbà tó ti rí bí ohun tí kò pọn dandan ṣe ń da ilé rú. Bcachefs dé, irú ọ̀nà tuntun kan láti to fáìlì sórí díìsìkì: N, kò sí díìsìkì kankan nílé tó ń lò ó. Xe dé, driver, ìyẹn ètò tó ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀, fún àwòrán Intel tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde: N, ọdún 2011 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí. FRED dé, ọ̀nà tuntun tí ìdílọ́wọ́ fi ń wọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ: N, ìdí kan náà. Wọ́n ń dáhùn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ìka kan síbí, ìka kan sọ́hùn-ún, láì kánjú.

Nígbà tí ó kan shadow stack, ọwọ́ dúró. Ààbò ni, kò jẹ́ kí ètò olè yí ọ̀nà àbọ̀ ètò mìíràn padà. Ta ni kò fẹ́ ààbò? Wọ́n ka àlàyé lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò dáhùn. Wọ́n ṣí ojú mìíràn, wọ́n wo /proc/cpuinfo, ibi tí ọpọlọ ẹ̀rọ ti ń ka ohun tó lè ṣe lórúkọ lórúkọ. Wọ́n wá orúkọ náà nínú ìlà gígùn yẹn, kò sí níbẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n padà wá tẹ N.

"Ẹ ti mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀," ni mo wí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé èmi ni wọ́n ń bi ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe ọ̀gá mi ni kernel ń bi. Ẹ̀rọ ló ń bi, ẹ̀rọ kò sì lẹ́nu. Ọ̀gá mi kàn jókòó síbẹ̀ láti gbẹnu sọ fún un ni, bí alága ìdúró ṣe ń gbẹnu sọ fún ìdílé ọkọ. Alága tó bá ń sọ ohun tó wù ú láì kọ́kọ́ yíjú bi ìdílé, gbèsè ni yóò kó wọn sí. Gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́ yìí, lójú tèmi, ibẹ̀ ló dúró sí: kéèyàn mọ ẹ̀rọ kan dé ibi tó fi lè dáhùn fún un, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó yíjú padà bi í.

Lẹ́yìn àmàlà ọ̀sán ni wọ́n ṣí menuconfig, ojú ewé aláwọ̀ búlúù tí èèyàn ti ń rìn láti yàrá dé yàrá inú kernel. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni ti kọ́kọ́rọ́ inú àpótí. Ní Debian, driver díìsìkì tí wọ́n ń pè ní AHCI àti ext4, ètò tí fáìlì wà lórí rẹ̀, M ni wọ́n. Orí díìsìkì ni module sì ń gbé. Kernel á jí, á fẹ́ ṣí díìsìkì, á rí i pé ohun tí òun fẹ́ fi ṣí i wà nínú díìsìkì tí òun kò tíì ṣí: a ti kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ inú àpótí. Debian mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún kernel ní initramfs, àpò kékeré tó gbé àwọn kọ́kọ́rọ́ dání. Ọ̀gá mi kò fẹ́ àpò. Wọ́n fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lára kernel. Wọ́n lọ sídìí AHCI, wọ́n tẹ Y, kò gbà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gòkè lọ sí ATA tó bí i, M lòun náà. Ọmọ kò lè jẹ́ Y bí ìyá bá ṣì jẹ́ M. Wọ́n sọ ìyá di Y, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá kan ọmọ, ó gbà wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ti díìsìkì fúnra rẹ̀ àti ti ext4.

Mo rò pé mo ti mọ òfin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí iwlwifi, driver Wi-Fi, mo ní, "Y náà ni, àbí?" Wọ́n fi í sílẹ̀ ní M. Káàdì Wi-Fi kì í ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi rọ firmware, ètò inú tirẹ̀, sí i lórí, orí díìsìkì ni fáìlì firmware náà sì wà. Bí driver bá wà lára kernel, kí díìsìkì tó ṣí ni yóò ti máa pariwo béèrè fún un, kò sì ní rí i. Bí ó bá jẹ́ module, ìgbà tí díìsìkì bá ti ṣí ni yóò tó dé. Ìdí kan náà tó sọ AHCI di Y ló fi iwlwifi sílẹ̀ ní M. Ẹni tó há òfin sórí á kùnà nínú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Wọ́n pa àkọsílẹ̀ àwọn awá-àṣìṣe, èyí tó ń jẹ àìmọye gígábáìtì nígbà ìkọ́lé. Wọ́n gbé aago kernel láti 250 lọ sí 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n fi orúkọ kan sí LOCALVERSION, -ilu, kí kernel yìí má bàa ṣi ara rẹ̀ mú pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú sí ohun tí a torí rẹ̀ jókòó.

Wọn kò wá a káàkiri yàrá. Wọ́n tẹ /, wọ́n kọ PREEMPT_RT, ojú ewé kan ṣí tó sọ ibi tó wà àti àwọn tó gbára lé. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan tí wọ́n pè ní EXPERT. Ẹni tí kò bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn kò ní fojú rí i rárá. Wọ́n rí i dájú pé ó wà ní ṣíṣí, wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n yàn án. Fully Preemptible Kernel. Àmì kékeré náà jókòó síwájú rẹ̀. Bíi ogún ọdún iṣẹ́, ìwé aláwọ̀ góòlù ti Vienna, ó ti wà lọ́wọ́ wa. Èmi ti ń na ọwọ́ láti tẹ make.

"Dúró ná," ni wọ́n wí.

Wọ́n ti tọ́jú ẹ̀dà àṣàyàn wa kí wọ́n tó fọwọ́ kan PREEMPT_RT. Wọ́n pe diffconfig, ètò kékeré kan tó wà nínú àpò scripts ti kernel fúnra rẹ̀, kí ó fi ti àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí. Àwọn ìlà rẹ̀ jáde: àmì ìròpọ̀ fún ohun tó wọlé, àmì ìyọkúrò fún ohun tó lọ. Ìka wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn, ó dúró lórí ọ̀kan.

-DRM_I915 m

I915 ni driver àwòrán Intel. Òun ló ń gbé ojú ẹ̀rọ yìí. A sọ Y sí PREEMPT_RT, i915 sì ti jáde ní ẹ̀bùrú láì dágbére, nítorí pé àwọn tó kọ ọ́ ti kọ ọ́ sí i lórí pé òun kò lè bá PREEMPT_RT gbé ilé kan. Kò sí ìkìlọ̀ kankan lójú ewé búlúù yẹn. Ká ní a tẹ make, kernel á jáde, á jí, kò sì ní sí àṣìṣe kankan lójú rẹ̀. Àwòrán nìkan ni yóò máa wọ́ bí ìgbín, a óò sì máa lérò pé ogbó ló dé sí kọ̀ǹpútà.

Mo béèrè bóyá kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ó wà. Àwọn tó ń ṣe PREEMPT_RT ní àwọn àtúnṣe kan níta tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn padà. Ọ̀gá mi mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì ronú fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní bí àwọn tó ni driver bá ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i nínú kernel gan-an, ìdí wà, àwọn kò sì fẹ́ gba ohùn onílù sílẹ̀ lórí ohun tí àwọn yóò máa ṣọ́ bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wọ́n padà sẹ́yìn. Wọ́n mú èyí tó sún mọ́ ọn, Preemptible Kernel, Low-Latency Desktop. Wọ́n ṣe diffconfig lẹ́ẹ̀kan sí i. I915 ti padà sílé. Wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ kan sórí pépà láti fi kún ìlà tí GRUB fi ń jí kernel: threadirqs. Ọ̀rọ̀ yìí ń mú kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìdílọ́wọ́, ìyẹn ohun èlò tó ń kan ilẹ̀kùn, máa tò sórí ìlà bí iṣẹ́ yòókù, kí èèyàn sì lè sọ ẹni tó máa wà níwájú. Wọ́n á fi àpótí ohùn síwájú, Wi-Fi á dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí ni mo gbóríyìn fún jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni lè tẹ Y sí ohun tuntun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi lọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n di í mú lọ́wọ́, wọ́n sì dá a padà nítorí ìlà kan ṣoṣo, nítorí ẹ̀rọ ọdún 2011 kan tí kò lè sọ pé "ojú mi ńkọ́?"

Ìkọ́lé kò ní ìtàn púpọ̀. Make -j4, kí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọpọlọ ẹ̀rọ jọ ṣiṣẹ́, orúkọ fáìlì ń sáré gòkè, fáànù inú ẹ̀rọ ń kùn. Ó ti lọ jìnnà kí wọ́n tó mú iná. Bátìrì X220 náà ti gbó, ọ̀gá mi tẹ Ctrl-C láìbínú, wọ́n pa ẹ̀rọ. Nígbà tí iná dé lẹ́yìn Ìṣà, wọ́n tẹ àṣẹ kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Stuart Feldman ló kọ make àkọ́kọ́ ní Bell Labs lọ́dún 1976. Aago orí fáìlì ló ń wò, ohun tí a ti ṣe tí kò yí padà, kò ní tún un ṣe. N kò rò pé wọ́n ní iná tiwa lọ́kàn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó bá wa lára mu.

Ọwọ́ ni ọ̀gá mi fi gbé kernel náà sí /boot. Wọ́n kọ ìlà tirẹ̀ sínú 40_custom, fáìlì tí GRUB yà sọ́tọ̀ fún ohun tí onílé bá fẹ́ fi kún un, wọn kò sì fọwọ́ kan ti Debian tó wà lókè. Ní ibi tí a ti ń sọ ilé tí kernel máa bọ́ sí, UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan, ni Debian ń kọ. Wọ́n kọ PARTUUID dípò rẹ̀, nítorí pé àpò initramfs ló mọ bí a ṣe ń túmọ̀ UUID, kernel tí kò gbé àpò kò mọ UUID, ṣùgbọ́n ó mọ PARTUUID. Ká ní wọ́n gbàgbé lẹ́tà mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ kernel panic ni ì bá kí wa. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù: 6.1 wà níbẹ̀ sẹpẹ́, bí tuntun bá kọ̀ láti jí, a ó yan ti àtijọ́, a ó sì jí padà sílé.

Ó jí. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ sáré kọjá, ẹnu ọ̀nà ìwọlé yọ. Inú mi ti ń dùn, ọ̀gá mi ò tíì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti tọ́jú dmesg ti 6.1 sínú fáìlì láti àárọ̀. Wọ́n gbé ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ka àwọn ìkìlọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì. Ọ̀kan wà ní ti tuntun tí kò sí ní ti àtijọ́. Wọ́n tẹ̀ lé e títí wọ́n fi rí i pé kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tún kó ẹrù àárọ̀ wá: fláàṣì, káàdì, hard disk, ìtẹ̀wé, fóònù mi, modẹ́ẹ̀mù Ìsẹ́yìn. Gbogbo wọn dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin onílù kan gbé ìyáàlù wá. Wọ́n fi ìdì sí 64. Ó fún ọsán, ohùn gòkè láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ó sì dúró sórí rẹ̀. Mo gbé etí lé e, mo ń retí igi gbígbẹ yẹn. Kò dá. Ó lù ú fún bíi wákàtí kan, ó sinmi, ó tún lù ú.

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá mi ṣí ìwé kékeré tí wọ́n ń tọ́jú sábẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ déètì, wọ́n kọ orúkọ fáìlì tí wọ́n tọ́jú àṣàyàn náà sí, wọ́n kọ àwọn N tó ṣòro àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ ewé náà, wọ́n kọ PREEMPT_RT, wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Kí n tún wo i915 nígbà tí ẹ̀dà tó ń bọ̀ bá dé."